Lẹ́tà sí ìyá tó ń bá mi fọṣọ

Màmá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa ti kúrò ní ọjọ́ mẹ́ta, ó ti pé ọdún mọ́kànlá, ṣùgbọ́n n kò mọ bí onígbèsè ṣe ń kí ẹni tó jẹ lówó.

Èmi ni ọmọ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ máa ń bá fọṣọ, tí ẹ sì ń bá nulé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ lè má rántí ojú mi mọ́. Ẹ ó rántí owó yín. Oṣù méjì gbáko ni mo jẹ yín, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ẹ́ ni. Owó wà lọ́wọ́ mi. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú ìjọ nítorí ilé ìjọsìn tuntun, wọ́n ti kọ orúkọ mi sára pátákó, ojú sì ń tì mí kí wọ́n má lọ kà á pé n kò tíì san. Ojú yín kò tì mí.

Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò wọlé, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ yín. Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ Ọlọ́run ṣáájú, Ọlọ́run á bù kún ẹ̀yin náà.” Ẹ ní, “Ó dáa, ọmọ mi.” Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ ò wá mọ́. Mo sì rojọ́ yín fún àwọn ará ìjọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ayé ìsinsìnyí kò ní ìfaradà. Wọ́n bá mi mirí.

Ó tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà kí wọ́n tó ní kí n kọ́ kíláàsì Bíbélì ní Máàkù orí keje. Mo ti ka orí yẹn kọjá àìmọye ìgbà. Kọ́bánì: ẹni tó sọ fún bàbá àti ìyá rẹ̀ pé ohun tí wọn ì bá rí gbà lọ́wọ́ òun ti di ẹ̀bùn fún Ọlọ́run, tó sì fi bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe rẹ̀. Jésù kò yìn ín. Ó ní àwọn Farisí ti fi àṣà wọn sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni mo gbọ́ ohùn ara mi lẹ́nu ọ̀nà: ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ Ọlọ́run ṣáájú. Mo parí kíláàsì náà o. Àwọn kan tiẹ̀ ní ó wọ àwọn lọ́kàn.

Láti ọjọ́ náà ni Bíbélì ti ń bá mi jà. Diutarónómì orí kẹrìnlélógún ní kí oòrùn má wọ̀ kí owó alágbàṣe tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, torí pé tálákà ni, ọkàn rẹ̀ sì wà lára owó náà. Jeremáyà ṣépè fún ẹni tó fi àìṣòdodo kọ́lé, tó mú ọmọnìkejì rẹ̀ ṣiṣẹ́ láìsanwó. Ààfin ọba ló ń bá wí, ṣùgbọ́n mo mọ ilé mìíràn tí bíríkì bíi mélòó kan lára rẹ̀ jẹ́ tiyín. Ẹ̀yin kò pariwo. Owó náà gan-an ni ìwé Jákọ́bù ní ó ń ké, láti ọwọ́ ẹni tó há a mọ́ra.

Ẹlẹ́ṣẹ̀ a máa wá ẹgbẹ́, mo bá wá tèmi. Mo rí John Newton, òǹkọ̀wé orin ìsìn tí àwọn ìjọ ṣì ń kọ orin rẹ̀. Ìjì líle lórí òkun lọ́dún 1748 ló mú un ké pe Ọlọ́run. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ìyẹn ló tó di ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú, láti 1750 títí di 1754. Lọ́jọ́ Ìsinmi yóò kó àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ jọ fún ìsìn, àwọn èèyàn tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè yóò sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Àìsàn ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rí ọkàn kọ́. Ó di 1788, ogójì ọdún lẹ́yìn ìjì, kó tó kọ̀wé tako òwò ẹrú ní gbangba, òun náà sì gbà pé ìjẹ́wọ́ òun ti pẹ́ jù. N kò rò pé àgàbàgebè ni àdúrà rẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Ó ń gbà á tọkàntọkàn. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

John Woolman, aránṣọ kan ní Amẹ́ríkà, ọmọ ìjọ Quaker, tètè jí jù ú lọ. Nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ọ̀gá rẹ̀ ní kó kọ ìwé títa obìnrin adúláwọ̀ kan. Ọkàn rẹ̀ dà rú, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Nígbà tí ẹlòmíràn gbé irú rẹ̀ wá, ó kọ̀. Nígbà tó yá, bó bá wọ̀ sílé ẹni tó ní ẹrú, yóò fi owó sílẹ̀ fún àwọn ẹrú tó tọ́jú rẹ̀. Ẹ sáà wo bí ojú onílé yóò ti rí!

Ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́ nílé báyìí, owó rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jáde, ṣáájú ìdá mẹ́wàá. Ìyàwó mi bá mi jà sí i. Mo ní ara owó mi ni ìdá mẹ́wàá ti ń jáde, èyí kì í ṣe owó mi. A kọ àdéhùn sílẹ̀, ọjọ́ ìsinmi wà níbẹ̀, owó ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá náà wà níbẹ̀. Kí n má purọ́, oṣù mẹ́rin ni mo fi sún tìkẹyìn yẹn síwájú.

Lẹ́yìn náà ni mo béèrè nípàdé ìgbìmọ̀ ìnáwó pé èló la ń san fún àwọn tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tó ń ṣọ́ géètì lóru. Akọ̀wé ní Olúwa ni wọ́n ń ṣe é fún. Mo ní Olúwa ni àlùfáà náà ń ṣe é fún, a sì ń san owó oṣù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Bàbá kan wá ní kí n má kó òṣèlú wọ ilé Ọlọ́run. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ìpàdé tó ń bọ̀ ti di mẹ́ta báyìí, mo sì ti rí i pé àwọn kan kì í jókòó tì mí mọ́. Ìjọ wa láàánú, Màmá, lọ́dọọdún la ń pín aṣọ fún aláìní, a sì ń ya fọ́tò. Ọrẹ rọ̀ wá lọ́rùn ju owó iṣẹ́ lọ, torí ẹni tí a ta lọ́rẹ yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin kò jẹ mí ní ọpẹ́ kankan.

Sákéù kò dúró kí Jésù tó ní kó san án padà. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ìlọ́po mẹ́rin. Mo ti wá yín lẹ́ẹ̀mejì níbi tí ẹ ń gbé nígbà yẹn, àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí kò mọ̀ yín. Owó náà wà nílẹ̀, oṣù méjì lọ́nà mẹ́rin, mo sì ti bù sí i, nítorí owó ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn kò lè ra ohun tó ń rà nígbà náà. Ẹnì kan nínú ìjọ gbà mí nímọ̀ràn pé níwọ̀n ìgbà tí n kò ti rí yín, kí n kúkú jù ú sínú àpótí ọrẹ.

Màmá, ẹ gbọ́? Àpótí ọrẹ.

Ó wà níbí. Ẹ kò ní láti dárí jì mí kí ẹ tó gbà á.

Èmi ni,
ọmọ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì