Fáìlì àwọn tó ń ka másítàsì ò gbọdọ̀ sùn lórí tábìlì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi èyí síta.

Nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló ni oyè tí wọ́n ń fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, òkè òkun láṣẹ ti ń wá, ìgbà tó di 1962 ló tó dá dúró tí Sẹ́néètì tiẹ̀, ìyẹn ìgbìmọ̀ àgbà yunifásítì, wá ń fọwọ́ sí oyè fúnra ẹ̀. L'Abẹ́òkúta wa níbí náà, wọ́n da yunifásítì wa pọ̀ mọ́ ti Èkó ní 1984, àfi 1988 kó tó tún dá dúró, tó di yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀. Lójú tèmi, torí kó lè súnmọ́ ọmọ tó ń kàwé ni àṣẹ ṣe wá sílé.

Ṣùgbọ́n àbúrò mi parí iṣẹ́ ìwádìí másítàsì ẹ̀ níbì kan, ó ti lọ dì í bí ìwé ní Pánṣẹ́kẹ́, èèpo dúdú, lẹ́tà aláwọ̀ góòlù, oṣù méje ló fi ń wá ìbuwọ́lùwé kan ṣoṣo, tó bá dé dìpátímẹ́ǹtì wọ́n á ní kó lọ sí PG, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn tó ń ka másítàsì, tó bá dé PG wọ́n á ní bóòdù, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí iṣẹ́ wọn, ò tíì jókòó. Ó dùn mí gan-an.

Kí wọ́n lẹ ọjọ́ tí bóòdù máa jókòó mọ́ ògiri, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan sì ní àga níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀gbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kan,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.