Òùngbẹ ló ń pa adìyẹ olójú wíwú

Sí Olóòtú,

Mo kí yín o. Ìlú Ọ̀fà ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo ti ń sin adìyẹ, wọn kì í sì í ju méjìlá lọ. Ní àdúgbò wa, bí ojú adìyẹ bá ti wú, ọ̀bẹ ló kàn. Ẹni tí kò bá pa á á yára gbé e lọ sọ́jà kí ojú kejì tó dì, á sì tà á fún ẹni tí kò wò ó dáadáa. Ó ń dùn mí, torí púpọ̀ nínú wọn ni ì bá yè.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àgbébọ̀ mi dúdú kan, èyí tó ti pa ọmọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, jí pẹ̀lú ojú òsì tó dì pa. Ọ̀tún tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kejì. Aládùúgbò mi kan ní kí n fín omi ata sí i, ẹlòmíràn ní kẹrosíìnì. Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò ṣe é. Ojú tó ń ta á tẹ́lẹ̀ ni kí n tún bu ata sí?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo jókòó tì í. Mo rí i tó ń ṣá ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ abọ́ omi kò ju ìka mẹ́ta lọ sí ẹnu rẹ̀. Ó ń ṣá, ó ń ṣá, kò rí nǹkan kan mu. Mo fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó rọ̀ pẹlẹbẹ bí ọ̀rá òfìfo. Adìyẹ kì í fi imú wá oúnjẹ bí ajá, ojú ló fi ń jẹun. Bí ojú méjèèjì bá ti dì, ebi àti òùngbẹ á ti pa á kí àrùn ojú náà tó le dé ibi tó ń lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ gan-an nìyẹn.

Mo yà á kúrò láàárín àwọn yòókù, mo fi í sínú páálí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo se omi tó kún ìgò 50cl, mo fi ṣíbí tíì iyọ̀ kan sí i, tí kò kún kọjá ẹnu ṣíbí, mo dúró kó kù ní lílọ́wọ́ọ́wọ́. Òwú mímọ́ ni mo fi ń rẹ ojú náà títí ìpin fi rọ̀ tó sì ń tẹ̀ lé òwú. N kò fi èékánná ya á. Òwú tó ti kan ojú kan kò gbọdọ̀ kan ìkejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni. Lẹ́yìn náà màá ti ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ bọ omi kó fúnra rẹ̀ mu ún, torí ẹni tó bá da omi sí i lọ́fun lè dà á sí i lẹ́dọ̀fóró. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń fún un ní fíìdì tí mo fi omi pò. Abọ́ rẹ̀ kì í kúrò lójú kan, mo sì máa ń fi ìka kàn án, kó, kó, kó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, bó bá ti gbọ́ ìró yẹn, á na ọrùn.

Dókítà ẹranko tí mo pè bi mí pé, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ wọ ilé adìyẹ mi láàárọ̀, irú òórùn wo ni mò ń gbọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nítorí òtútù, mo ti fi tapólì bo ilé wọn yíká, ìgbẹ́ wọn sì ti rin nísàlẹ̀. Òórùn yẹn ló ń jó wọn lójú mọ́jú, kòkòrò àrùn á wá gba ibẹ̀ wọlé. Mo kó gbogbo rẹ̀ dànù, mo ṣí òkè sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ó kọ pọ́mádà ojú fún mi, ó ní kí a má jẹ ẹyin rẹ̀ títí òun á fi sọ pé ó yá. Ó tún ní kí n máa fi epo pupa díẹ̀ sí oúnjẹ wọn, torí àgbàdo funfun tí mò ń fún wọn kò ní fítámì A tí ojú ń fẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ojú wíwú ni iyọ̀ àti òwú tó fún o. Bí ojú bá wú tí imú ń ṣomi tó ń rùn, tàbí tí kókó yọ sí ogbe, àrùn tó ń ràn ni, ẹ pe dókítà. Bí ọrùn bá ń lọ́, tí àwọ̀ ìgbẹ́ sì ń dà bí ti ewé, lúkúlúkú ni ẹ máa fura sí. Ẹ má gbé irú rẹ̀ dé ọjà rárá.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ojú ọ̀tún là pátá. Òsì ṣì ní àbàwọ́n funfun títí di òní, síbẹ̀ ó sàba nígbà òjò, ó pa ọmọ méje, kò sì sọ ọ̀kankan nù. Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí kí ọyẹ́ tó dé, torí ìgbà náà ni àwọn ènìyàn máa ń fi tapólì bo ilé adìyẹ.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, Ọ̀fà