Lẹ́tà sí Àwọn Òbí: Àwọn Ọmọ SS2 Ń Lọ Pàgọ́ Lórí Òkè

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ìnáwó owó ilé-ìwé o. Àwọn ọmọ wọlé láyọ̀, a dúpẹ́. Ìdánwò àárín tẹ́ẹ̀mù ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ yóò tẹ̀ lé e. Nǹkan mìíràn ló mú mi kọ̀wé gùn tó báyìí.

Ní oṣù Kọkànlá, àwọn ọmọ SS2 yóò sun òru méjì nínú àgọ́ ní Ìkọ́gọ̀sì-Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé láàárín igbó. Lọ́jọ́ Sátidé, wọn yóò gun òkè Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta ní ìpele méje.

Àwọn kan nínú yín béèrè pé kí ló dé tí a kò sún un di oṣù Keje, tí ìdánwò bá ti parí. Nínú òjò oṣù Keje, àpáta a máa yọ̀ bí ilá. Bó bá sì di oṣù Kẹta, omi ti fà, ewé ti gbẹ, iná lè ràn kí a tó ṣẹ́jú. Ní oṣù Kọkànlá, òjò ti ń relé, omi ò sì tíì fà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi sílípáàsì rán ọmọ wá. Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ ọmọ kan yọ̀ ní ìpele kẹta, orúnkún rẹ̀ bó, olùkọ́ ìṣirò ló gbé e pọ̀n sọ̀ kalẹ̀. Kí n má parọ́, bàtà ọ́fíìsì ni èmi náà wọ̀, ìpele kejì ni mo jókòó sí tí mo ń dè wọ́n. Mo ti ra kánfáàsì báyìí.

Ṣáájú ìgbà náà, ní Sátidé méjì, a ó máa gun Òkè Àrẹ̀ lọ sí Láyípo, ilé-ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936. Ọmọ tí èémí rẹ̀ bá ń já lórí àtẹ̀gùn ibẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni yóò jókòó sí l'Ẹ́rìn.

Bí ọmọ yín bá ní ikọ́ fée, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì wa. Ẹ má torí ìtìjú fi pamọ́, nítorí òtútù òru orí òkè kì í ṣe eré.

Ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀ ni wọn yóò sùn. Gáàsì ni àwọn alásè yóò lò, a kò ní dáná igi. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ọmọ kan bá gbé gòkè, òun náà ni yóò gbé e sọ̀.

Fọ́ọ̀mù wà nínú báàgì wọn. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i kò ní wọ bọ́ọ̀sì, bó ti wù kó sunkún tó. Aago mẹ́fà àárọ̀ Jímọ̀ la ó gbéra.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́, Ìbàdàn