Kí ẹ tó sanwó kọ́ọ̀sì dátábéèsì, ẹ bi olùkọ́ ní ìbéèrè kan yìí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ó sì wá bá mi nílé ní Mọ́kọ́lá pé iṣẹ́ àbójútó dátábéèsì, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, tí mò ń ṣe lòun náà fẹ́ kọ́. Ìyá rẹ̀ ti tọ́jú owó kọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kó má fowó ṣòfò, pé gbogbo rẹ̀ wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní, "Àǹtí mi, èwo ni kí n ṣe?" Mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń bèèrè bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sí yín.

Èmi náà, fúnra mi ni mo kọ́kọ́ kọ́ ọ. Akọ̀wé ni mí nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, iṣẹ́ mi ò ju kí n máa tẹ owó ọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ẹni tó ń bójú tó dátábéèsì wa fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí n máa wò ó. PostgreSQL, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó dátábéèsì, la ń lò. Yunifásítì California ní Berkeley ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1986, ọ̀fẹ́ ni, ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ náà sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Odidi ọdún méjì ni mo fi ń kà á lóru, lẹ́yìn tí àwọn ìbejì bá ti sùn, bí iná bá wà. Mo mọ SELECT tí a fi ń wá àkọsílẹ̀ jáde, mo mọ JOIN tí a fi ń so tébù pọ̀ mọ́ra, mo rò pé mo ti mọṣẹ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n ní kí n yọ owó kan tí wọ́n ṣèèṣì kọ lẹ́ẹ̀mejì kúrò. Ìlà méjì ni àṣẹ tí mo kọ: DELETE tó ń pa nǹkan rẹ́ wà lókè, WHERE tó ń sọ èyí tí mo fẹ́ yọ gan-an wà nísàlẹ̀. Ìlà òkè nìkan ni mo fi máòsì kùn kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sí mi lójú ni DELETE 41206, ìyẹn ni pé gbogbo ìlà 41206 tó wà níbẹ̀ ló ti pa rẹ́. Ara mi tutù wọ̀ọ̀.

Mo ní kí n lọ mú ẹ̀dà ìpamọ́. Alaalẹ́ ni ẹ̀rọ ń ṣe é, fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní déètì tirẹ̀ lára. Mo ṣí ti àná: òfo. Ti ìjẹta: òfo. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà, láti ìgbà náà ni pg_dump, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà náà, kò ti ráyè wọlé mọ́, síbẹ̀ fáìlì òfo ń jáde lóròòru bíi pé iṣẹ́ ń lọ. Kò sí ẹni tó gbìyànjú láti dá ọ̀kan padà rí, èmi náà ò gbìyànjú ẹ̀. Ẹ̀dà tó wà kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀ la dá padà, alẹ́ mẹ́sàn-án la sì fi jókòó ti káàdì àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tí à ń tẹ owó ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Bódìjà jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa láti àárọ̀, ó wé káàdì tirẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ń bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé owó mi ṣì wà ńbẹ̀?" Ohùn ìyá yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá kọ́ọ̀sì lọ. Ní ibi àkọ́kọ́, ogún ènìyàn ló wà nínú yàrá kan, olùkọ́ ń ka ohun tó gbé sára ògiri fún wa. Ọjọ́ kejì ni mo ti kúrò. Èkejì wà ní Àgbowó, Sátidé mẹ́jọ, kálukú pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ní Sátidé kẹrin, olùkọ́ ní ká lọ jẹun. Nígbà tá a padà dé, kò sí dátábéèsì kankan tó fẹ́ jí: olùkọ́ ti kó ẹrù kún díìsìkì gbogbo wa. Arákùnrin tó jókòó tì mí rí fáìlì jáńtírẹrẹ nínú fódà kan, ó pa wọ́n rẹ́ kí àyè lè wà. Àṣé pg_wal ni, ibi tí dátábéèsì máa ń kọ gbogbo àyípadà sí kó tó ṣe é nínú tébù gan-an. Tirẹ̀ ò jí mọ́. Olùkọ́ sọ fún wa pé pg_xlog ni fódà náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, pé àwọn ènìyàn a máa rò pé àkọsílẹ̀ tí kò wúlò ni, wọn a sì pa á rẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́dún 2017. Mo ti ka nípa fódà yẹn nínú ọdún méjì mi. Ká ní ọwọ́ mi yá ju ti arákùnrin yẹn lọ ni, èmi náà ì bá ti pa á rẹ́.

Ìyá tó bí mi lọ́mọ, aránṣọ ni ní Òkè-Àdó. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ọmọ iṣẹ́ wọn máa ń fi gé pépà sìmẹ́ńtì kó tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ oníbàárà. Aṣọ oníbàárà lèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo tún rí ni pé bí ènìyàn bá ń dá kọ́ ọ, tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ba nǹkan jẹ́, ó ti mọ ohun tó bà jẹ́. Ìbàjẹ́ ti ibi iṣẹ́ kì í sọ orúkọ ara rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi olùkọ́ pé: "Ṣé ọmọ mi máa fọwọ́ ara rẹ̀ jí dátábéèsì tó ti kú, láìmọ ohun tó pa á?" Bó bá ń kólòlò, ẹ gbé owó yín, ẹ máa lọ. Ẹni tí kò lówó lè fi PostgreSQL sórí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀, kó máa ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, kó máa dá a padà sórí ẹ̀rọ mìíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì ka ìlà bóyá wọ́n pé. Kó máa kọ BEGIN ṣáájú DELETE, kí ROLLBACK, àṣẹ tó ń dá nǹkan padà sí bó ṣe wà, lè gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kó wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá a ba nǹkan jẹ́.

Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi oṣù mẹ́ta kàwé ná, kí owó ìyá rẹ̀ wà níbi tó wà. Láàárọ̀ yìí, mo rán an ní búrẹ́dì, mo sì yí nǹkan kan padà nínú pg_hba.conf rẹ̀, fáìlì tó ń sọ ẹni tó lè wọ dátábéèsì. Dátábéèsì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò gba ẹnikẹ́ni wọlé. Ó ti tó wákàtí méjì báyìí tó ti wà nídìí ẹ̀, ó ń pè mí láti pálọ̀. Mi ò tíì dá a lóhùn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.