Ẹ̀bẹ̀ sí Alága Káńsù: ẹ dá afárá ọ̀nà oko wa padà

Alága wa, ọlọ́lá jùlọ, baba gbogbo wa,

Àwa olóyè ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti onígààrí kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ mọ̀ pé àwa là ń bọ́ gbogbo agbègbè yìí, títí dé Ìbàdàn àti Èkó.

Sà, ọ̀rọ̀ afárá la bá wá. Afárá onípákó yẹn, àwa la dáwó ẹ̀, àwa la kàn án. Katapílà káńsù dé, wọ́n láwọn fẹ́ ṣe onísìmẹ́ǹtì, inú wa dùn débi pé a se àmàlà fún wọn, wọ́n tú pákó wa dànù, wọ́n gbẹ́lẹ̀, nígbà tó dìrọ̀lẹ́ wọ́n gbé katapílà lọ, a ò rí wọn mọ́ títí òjò fi dé. Ta ló ń wólé onílé láì tíì fi ibi tó máa sùn hàn án? Ẹ má bínú o.

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe iṣu. Téèyàn bá ti hú u, kò ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tí inú ẹ̀ á ti máa dúdú, onígààrí ò ní wò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mọ́tò kan kó ẹ̀gẹ́ dé etí odò, dẹ́rẹ́bà sùn síbẹ̀ títí, ibẹ̀ náà lẹrù rà sí. Ọlọ́kadà tó ń gba ẹ̀yìn òkè, àpò méjì ló ń gbé, owó tó ń gbà látìgbà tí epo ti wọ́n ní 2023 fẹ́ẹ̀ tó owó ẹ̀gẹ́ fúnra ẹ̀. Ni kálukú bá ń gbin ìwọ̀n tí orí ẹ̀ lè rù, oko yòókù ti di igbó.

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ka irú ọ̀nà yìí mọ́ iṣẹ́ káńsù, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ti ní lóṣù keje 2024 pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà. A ò sọ pé owó ti dé o, a kàn ń rán yín létí ni.



Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n padà wá parí ẹ̀. Tí ò bá sówó, ẹ fún wa ní sìmẹ́ǹtì àti irin, àwa á ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ láwọn ò ní kó gààrí wọ̀lú lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, wọ́n tún ń dárúkọ ìbò. Àwa àgbà là ń pẹ̀tù sí wọn nínú, ẹnu sì ti ń rẹ̀ wá.

À ń retí yín létí odò, sà. Ẹ wọ bàtà òjò wá.

Àwa olóyè ẹgbẹ́