Lẹ́tà sí Mojísọ́lá lórí ọkọ̀ tí yóò gba gbogbo ilé

Mojísọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn láti gbọ́ pé àlàáfíà ni ìwọ, bàálé rẹ àti àwọn ọmọ wà, àti pé Màmá ti ń dìde rìn díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn àìsàn orúnkún wọn. Jọ̀wọ́ bá mi kí wọn dáadáa. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni wọn yóò máa gbé báyìí, tí ọmọ tuntun sì ti dé, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí o béèrè lọ́wọ́ mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì, ìdí nìyí tí n ó fi fara balẹ̀ dá ọ lóhùn.

O ní kí n sọ èyí tó dára jù nínú àwọn mínífáànù tuntun tí èmi àti ọkọ mi lọ wò, ìyẹn àwọn ọkọ̀ ẹbí onílà ìjókòó mẹ́ta tí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wọn ń fà sẹ́yìn. Ohun tí mo rí ni pé ẹ́ńjìnnì kọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bí iwájú wọn ṣe ń dán; ìlà ìjókòó àárín ni. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ṣe ìpinnu tirẹ̀, ìpinnu yẹn ló sì ń sọ bóyá ọkọ̀ náà yóò bá ilé kan mu tàbí kò ní bá a mu. Nítorí náà, kí a tó dárúkọ ọkọ̀ kankan fún ọ, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò jókòó síbo.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá bàálé rẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí o kọ ọ́ pé jíìpù onílà ìjókòó mẹ́ta ló wù wọ́n. Irú rẹ̀ ni àwa náà lò fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí a bá ti de ìjókòó ọmọ ìkókó mọ́ ìlà àárín, ìjókòó yẹn kò ṣeé ká síwájú mọ́, ọmọbìnrin wa àgbà a sì máa gba búùtù wọlé, a fo ẹ̀yìn ìjókòó kọjá kí ó tó dé àyè rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, tí ẹrù sì ti kún búùtù, ẹkún ni a fi ń jáde nílé. Ilẹ̀ mínífáànù rẹlẹ̀, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí, kò sí ọ̀pá irin gbọọrọ tó gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn. Bí ilé-iṣẹ́ Chrysler ṣe tò ó nìyẹn nígbà tí ó gbé mínífáànù Dodge Caravan àti Plymouth Voyager jáde ní ìparí ọdún 1983, àǹfààní náà kò sì tíì yí padà. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ń fà sẹ́yìn ni, kì í ṣí síta, nítorí náà bí ọkọ̀ tilẹ̀ há yín mọ́ lọ́tùn-ún lósì, Màmá lè kọ ẹ̀yìn sí ìjókòó, kí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́, kí wọ́n tó wá kó ẹsẹ̀ wọlé. Jíìpù tí a gùn kò fún ìyá ọkọ mi ní irú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀ rí.

Mẹ́rin ni a gbé yẹ̀ wò dáadáa nínú àwọn tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, ìyẹn Toyota Sienna, Honda Odyssey, Chrysler Pacifica àti Kia Carnival. Ti Amẹ́ríkà ni gbogbo iye tí n ó kọ sílẹ̀ níhìn-ín.

Sienna ni èyí tí kì í jẹ epo púpọ̀. Láti orí ti ọdún 2021 ni Toyota ti sọ gbogbo rẹ̀ di háíbírídì: ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 àti mọ́tò iná mànàmáná ń ràn ara wọn lọ́wọ́, àpapọ̀ agbára wọn sì jẹ́ agbára ẹṣin 245. Ẹ kò ní fi wáyà so ó mọ́ iná nílé. Nígbàkígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì tàbí tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, mọ́tò náà a yí padà di ẹ̀rọ amúnáwá, a sì dá agbára tí ì bá ṣòfò padà sínú bátìrì, ìdí nìyí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í fi í ná an ní epo bí ó ti ń ná àwọn yòókù. Ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde fún èyí tí táyà iwájú ń fà tó nǹkan bíi lítà 6.5 fún kìlómítà 100. Ti Odyssey, tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 3.5 onísílíńdà mẹ́fà àti agbára ẹṣin 280, sún mọ́ lítà 10.7. Mo jókòó ṣírò rẹ̀: bí ẹ bá ń rin kìlómítà 20,000 lọ́dún, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ nǹkan bíi lítà 840 lọ́dọọdún. Èyí kì í ṣe ohun kékeré fún ilé tó ní ọmọ mẹ́ta.

Síbẹ̀, wo ìlà àárín Sienna. Ìjókòó ibẹ̀ lè lọ síwájú àti sẹ́yìn gan-an, ṣùgbọ́n a kò lè yọ ọ́ kúrò, nítorí pé inú rẹ̀ ni wọ́n kó àpò afẹ́fẹ́ tí ń dáàbò bo ẹ̀gbẹ́ èrò sí. Ẹni tó bá fẹ́ kó bẹ́ẹ̀dì tàbí kọ́bọ́ọ̀dù yóò rí ìṣòro níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ a sì máa pariwo nígbà tó bá ń gun òkè pẹ̀lú èrò tó kún inú rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí n kò fẹ́ràn nínú rẹ̀ títí di òní.

Ní ti Odyssey, ọgbọ́n tó wà nínú ìjókòó àárín rẹ̀ wú mi lórí. Bí a bá yọ èyí tó wà láàárín gbùngbùn, méjì tó kù lè sún sí ọ̀tún tàbí sí òsì, kì í ṣe síwájú àti sẹ́yìn nìkan. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìwọ ni pé o lè sún ìjókòó ọmọ ìkókó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìtú u, kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì rọra kọjá lọ sẹ́yìn. Bí èyí bá ti wà nínú ọkọ̀ wa àtijọ́, a kì bá tí gbọ́ ẹkún tí a gbọ́.

Pacifica ló mọ ẹrù kó jù lọ. Kòtò wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ náà tí ìjókòó àárín ń wọ̀ lọ pátápátá, débi pé ẹnì kan lè sọ ọkọ̀ èrò di ọkọ̀ ẹrù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láìgbé ohunkóhun sílẹ̀ sílé. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ kan tí a lè fi wáyà so mọ́ iná, tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ kilowatt-hour 16 (ìwọ̀n iná tí ó lè gbà pamọ́), tó sì lè fi iná nìkan rin nǹkan bíi kìlómítà 51. Mo fẹ́ kí o ṣàkíyèsí pé inú kòtò yẹn gan-an ni wọ́n gbé bátìrì náà sí, nítorí náà ẹni tó bá ra oníbátìrì ti pàdánù ìjókòó àárín tó ń wọlẹ̀.

Carnival ni èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ jinlẹ̀ jù. Bí gbogbo ìjókòó bá tilẹ̀ wà ní dídúró tí èrò sì kún, nǹkan bíi lítà 1,139 ni àyè búùtù rẹ̀, nígbà tí ti Sienna jẹ́ nǹkan bíi 949. Láti orí ti ọdún 2025 ni háíbírídì tirẹ̀ ti wà, ẹ́ńjìnnì lítà 1.6 tó ní tọ́bò (ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀), agbára ẹṣin 242, tí ó sì ń jẹ nǹkan bíi lítà 7.1 fún kìlómítà 100. Àwọn tó ń tà á yóò fi ìjókòó rọ̀gbọ̀kú hàn ọ́, èyí tí ń na ẹsẹ̀ èrò síwájú bíi ti ọkọ̀ òfuurufú. Má ṣe jẹ́ kí ó gbà ọ́ lọ́kàn, nítorí tí èrò inú rẹ̀ bá na ara tán, kò sí ibi tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn yóò gbé orúnkún sí.

Ohun kan wà tí ó bà mí lọ́kàn jẹ́, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n. Ní ìparí ọdún 2023, IIHS, àjọ Amẹ́ríkà tó máa ń fi ọkọ̀ kọ lu nǹkan láti mọ bí ó ṣe ń dáàbò bo èrò, gbé èsì ìdánwò jáde lórí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Wọ́n gbé ọmọlangidi tó tó obìnrin kékeré tàbí ọmọ ọdún 12 sẹ́yìn awakọ̀. Carnival, Pacifica àti Sienna gba ipò tó ṣìkejì sí ìsàlẹ̀ nínú ipò mẹ́rin, Odyssey sì gba èyí tó kéré jù. Ọkọ̀ tí a ń rà nítorí àwọn tó jókòó sẹ́yìn, ẹ̀yìn náà ni ààbò rẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó! Ọkọ̀ ìgbà yẹn ni wọ́n dán wò, nítorí náà bèèrè èsì tó jẹ́ ti ọdún tí wọ́n ṣe èyí tí o fẹ́ rà gan-an, má sì gba ti ọdún mìíràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Sienna ni àwa rà, nítorí pé ọ̀nà jíjìn ni a ń rìn lójoojúmọ́, a kì í sì í kó ẹrù ńlá. Ṣùgbọ́n n kò ní yan án fún ọ. Bí mo bá wo ilé rẹ, Màmá ni yóò jókòó sí ìlà àárín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọmọ ìkókó yóò wà lódì kejì kí ọwọ́ wọn lè tó o, àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì yóò sì lọ sí ẹ̀yìn. Kò ní sí ìlà ìjókòó kankan tó ṣófo tí ẹ lè ká, bẹ́ẹ̀ ni irin tí Màmá fi ń rìn àti kẹ̀kẹ́ ọmọ gbọ́dọ̀ wọ búùtù pọ̀. Carnival háíbírídì ni ọkàn mi fà sí fún yín, bí àwọn ọmọ bá lè rí àyè kọjá láàárín ìjókòó méjì àárín. Bí wọn kò bá rí i, ẹ padà sí Odyssey, kí ẹ sì gba ìnáwó epo rẹ̀ mọ́ra.

Má ṣe lọ wò ó ní ìwọ nìkan. Kó gbogbo ilé lọ, gbé ìjókòó ọmọ, irin Màmá àti kẹ̀kẹ́ náà dání, kí o sì jẹ́ kí wọ́n wọlé kí wọ́n jáde lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwọ fúnra rẹ, lọ jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá nígbà tí bàálé rẹ bá ń wà á. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gùn ju mítà 5 lọ, nítorí náà wọn inú gáréèjì yín lóòró àti ní ìbú, kí o sì kọ ìwọ̀n náà ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó san owó kankan. Mo ń retí rẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,

Folúkẹ́