Ẹ fi tàtàsé kún ọ̀rọ̀ fítámì C yẹn

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ àti scurvy, ìyẹn àrùn tí àìtó fítámì C nínú ara ń fà, ó dáa gan-an, àmọ́ nígbà tẹ́ ẹ dé ibi ìtọ́jú ẹ kàn ní ká lọ ra fítámì C ní kẹ́míìsì, ẹ ò dárúkọ oúnjẹ kankan, ìyẹn ló dùn mí.

Ṣé inú ata kọ́ ni wọ́n ti rí fítámì C ọ̀hún kó jọ ni? Albert Szent-Györgyi, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ló yọ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ hexuronic acid lára ẹ̀yà kékeré tó wà lórí kíndìnrín ẹran ní 1928, kò tíì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe nígbà yẹn. Nígbà tó di bíi 1932 òun àti Joseph Svirbely kó ẹmọ́ òyìnbó (guinea pig) jọ, torí pé ara ẹmọ́ yìí ò lè ṣe fítámì C fúnra ẹ̀, bí ara tiwa náà ò ṣe lè ṣe é (ewúrẹ́ ń ṣe tiẹ̀ o), wọ́n fún àwọn kan ní oúnjẹ tí wọ́n ti bọ̀ nìkan, wọ́n fi kẹ́míkà yẹn kún ti àwọn yòókù. Scurvy pa àwọn tàkọ́kọ́, ara àwọn tó kù dá ṣáṣá. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé kẹ́míkà yẹn gan-an ni fítámì C. Èyí tí wọ́n ń rí lára ẹran ò tó nǹkan, ni Szent-Györgyi bá gbìyànjú ata paprika tó pọ̀ ní Szeged, ìlú tó ń gbé ní Hungary, ó rí i rẹpẹtẹ níbẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1937. Paprika yẹn, irú kan náà lòun àti tàtàsé tá à ń rà lọ́wọ́ àwọn Hausa.

Àmọ́ ẹ wo bá a ṣe ń ṣe tàtàsé yẹn. Ìyá kan ní kọmpáùndì wa, tó bá lọ ata tán á dà á sínú àpò, á gbé òkúta lé e, omi pupa yẹn á máa ṣàn lọ sínú gọ́tà, lẹ́yìn náà lá tún wá dín in títí á fi dúdú. Fítámì C ń bá omi lọ, iná sì ń bà á jẹ́! Mi ò ní ká má se ọbẹ̀ o, ẹ kàn jẹ́ ká máa gé díẹ̀ jẹ ní tútù, bí mai suya ṣe ń gé tòmátò àti àlùbọ́sà sórí ẹran. Gúáfà náà wà, tiẹ̀ pọ̀ ju ti ọsàn lọ, ọsàn Benue sì kún ọjà Zuba.

Erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kì í ṣe scurvy ní gbogbo ìgbà, kí èèyàn lọ rí dókítà eyín. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tún máa kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ àwọn oúnjẹ yìí gàdàgbà síbẹ̀, torí ìyá tí ò lówó oògùn lè rówó gúáfà.

Òǹkàwé yín,
Kubwa, Àbújá